Èèpo Ọ̀gánwó Tó Pa Mí Lẹ́nu Mọ́ Lórí Afárá

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí orí mi kò tíì ga ju ọmọ odó ìyá mi lọ, èèpo ọ̀gánwó ni a kọ́kọ́ máa ń wá bí ohunkóhun bá ń ṣe ẹnikẹ́ni nínú ilé wa. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń kọjá lábẹ́ igi náà lójoojúmọ́, ẹ kò mọ̀ pé òun ni. Àwọn igi ńláńlá tí àwọn Faransé gbìn sí ẹ̀gbẹ́ títì nínú ìlú Niamey yìí, tí àwọn onítakisí ń sá sí abẹ́ wọn bí oòrùn bá ń mú, ọ̀gánwó ni. Àwọn Haúsá ń pè é ní madaci, inú ọ̀rọ̀ kíkorò ni wọ́n sì ti yọ orúkọ náà. Ó korò lóòótọ́. Jogbo korò, ewúro tí a kò fọ̀ korò, ṣùgbọ́n bí o bá fi èèpo ọ̀gánwó kan ahọ́n láàárọ̀, kí o lá oyin nírọ̀lẹ́, ìkorò náà ṣì jókòó síbẹ̀, kò lọ síbì kan.

Bí ibà bá ń ṣe ọmọ, wọ́n á sè é, wọ́n á fi wẹ ọmọ, wọ́n á sì fún un mu díẹ̀. Bí aràn bá ń da inú ẹni láàmú, òun ni. Obìnrin tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, inú omi rẹ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni yóò jókòó sí. Kódà àwọn tó ní ẹṣin ń rẹ ẹ́ sómi fún ẹṣin wọn. Ìyẹn ni ti ìtọ́jú ara. Ti òmíràn wà o. Ọmọ tó bá ń ké lójú oorun, wọ́n á fi òwú dúdú so ègé kékeré mọ́ ọn lọ́rùn. Wọ́n á fi ègé mìíràn há òkè ẹnu ọ̀nà, nítorí wọ́n gbà pé ohun burúkú kì í fẹ́ ohun tó korò, bí ó bá ti gbóòórùn rẹ̀ yóò yà sí ilé ẹlòmíràn. Mo bi ìyá mi nígbà kan pé ilé ẹlòmíràn yẹn ńkọ́? Ó ní kí n lọ fọ abọ́.

Kirkissoye là ń gbé, ní òdìkejì Odò Ọya, níbi tí afárá ńlá ti balẹ̀. Ìlọrin ni bàbá àti ìyá mi ti wá, Niamey ni wọ́n bí èmi sí. Nínú agbo ilé wa, ìyá àgbà kan wà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń ta èèpo igi àti egbò nínú ọjà. Ìyá Eléèpo ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Kò bá wa tan rárá, ṣùgbọ́n òun ló gbẹ̀bí mi, òun ló sì kọ́ mi bí a ṣe ń fi ọ̀pá lé ewúrẹ́ láì nà án. Ẹnu rẹ̀ mú. Bí ó bá sọ̀rọ̀ sí ọ láàárọ̀, wàá ṣì máa wá èsì rẹ̀ títí tí wọn yóò fi pe ìrun àṣámù.

Ìgbà náà, àwọn sójà ló ń ṣèjọba. Àwọn àgbà kì í sọ̀rọ̀ ìjọba síta, wọ́n á kàn wo ojú ara wọn, wọ́n á sì bú sí ọ̀rọ̀ òjò. Sójà máa ń wà ní ẹsẹ̀ afárá, wọ́n á máa bi ẹni tó ń kọjá níbi tó ń lọ. Ìgbà náà náà ni òkúta kan tí wọ́n ń pè ní yùrániọ́mù sọ ọ̀pọ̀ ọkùnrin di arìnrìn-àjò. Wọ́n ní lọ́hùn-ún ní Arlit, nínú aginjù, wọ́n ń wà á nínú ilẹ̀, ẹni tó bá sì dé ibẹ̀ ti là nìyẹn. Bàbá mi ń ta abọ́ tánńganran. Ó di ẹrù rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní òun ń lọ tajà fún àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀, òun kò ní pẹ́. Oyún ìyá mi kò tíì hàn nígbà náà. Ìyá Eléèpo rán ègé ọ̀gánwó kan mọ́ inú fìlà rẹ̀, kí ewu ojú ọ̀nà má bàa rí i.

Bàbá mi gba ààwẹ̀ ọdún méjì níbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, awakọ̀ kan mú aṣọ àti ìkíni wá fún wa. Lẹ́yìn náà, a kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Bàbá mi kò mọ ìwé kọ, ìyá mi kò mọ̀ ọ́n kà, tẹlifóònù sì jẹ́ ohun tó wà nínú ọ́fíìsì àwọn ìjòyè. Ìyá mi bí ọmọkùnrin, a sọ ọ́ lórúkọ, a pa àgbò, bàbá rẹ̀ kò mọ̀. Gbogbo ọjọ́ Jímọ́ ni ìyá mi máa ń lọ sí ibi tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ti ń dúró, láti bi àwọn awakọ̀ tó ti ọ̀nà Arlit wá léèrè. Bí ó bá dé, a ó wo ojú rẹ̀, a kò ní béèrè. Bí àwọn aládùúgbò bá ní, "Bàbá wọn ńkọ́?", yóò ní, "Wọ́n wà dáadáa," bí ẹni pé orí ẹní kan náà ni wọ́n jọ jí.

Ìgbà tí òjò ń parí lọ, tí ẹ̀fọn pọ̀ létí odò, ni ibà mú àbúrò mi náà. Ọmọ tó ti ń rìn tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́ tẹ́lẹ̀, ibà dá a padà sí rírá, ó sì tún dá a padà sí ìdùbúlẹ̀. Ìyá mi gbé e lọ sílé ìwòsàn, wọ́n fún un lábẹ́rẹ́. Ara rẹ̀ rọlẹ̀ fún ọjọ́ méjì, ibà náà tún gbé e. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ojú rẹ̀ yí sókè, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Gìrì ni. Ìyá Eléèpo ló sáré wọlé tó gbà á mọ́ra títí ara náà fi balẹ̀. Ìyá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò sunkún, ó kàn ń sọ pé, "Bàbá rẹ̀ kò tíì rí i. Ìyá, bàbá rẹ̀ kò tíì rí i."

Ìyá Eléèpo ní, "Bí ojúmọ́ bá ti mọ́, ẹ gbé e padà sílé ìwòsàn. Mi ò ní kí ẹ má lọ. Ṣùgbọ́n èmi náà á ṣe ìwọ̀n tí mo mọ̀." Ó wá yíjú sí mi. Ó ní èmi ni n óò lọ mú èèpo ọ̀gánwó wá ní ìdájí.

Mo ní, "Ìyá, èèpo ṣáà kún inú apẹ̀rẹ̀ yín."

Ó ní, "Ìyẹn, títà ni. Bí mo bá fẹ́ kí ara ọmọ yìí yá, ṣé ohun tí mo ń tà ni n óò fún un?"

Ó ní tútù la fẹ́, ọmọ ìyá kan náà pẹ̀lú aláìsàn ni yóò lọ ṣí i lára igi, ọmọ tí kò sì tíì bàlágà. Èmi nìkan ló bá a mu. Ó ní kí n sọdá afárá, kí n dé ìdí ọ̀gánwó tó wà lẹ́bàá títì lápá ọ̀hún, kí n ṣí ègé kan níhà ìlà oòrùn, kí ìlera bá oòrùn yọ, kí n tún ṣí ègé kan níhà ìwọ̀ oòrùn, kí àìsàn bá oòrùn wọ̀. Méjì péré. N kò gbọdọ̀ ṣí i yíká, nítorí igi tí a bá bó yíká yóò kú, ikú kò sì ṣeé fi wo àìsàn.

"Èyí tó wá ṣe pàtàkì nìyí," ó di etí mi mú. "Láti ìgbà tó o bá ti jáde lẹ́nu ọ̀nà yẹn títí wàá fi kó èèpo náà lé mi lọ́wọ́, o ò gbọdọ̀ fọhùn. Má kí ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá kí ọ, má dáhùn. Bó jẹ́ èmi gan-an ni mo pè ọ́, má dáhùn."

Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ní kí n ṣe, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n ti fi ẹgba kọ́ pé kó máa kúnlẹ̀ kí àgbà kó tó bọ́jú láàárọ̀, wọ́n ní kó la àárín ènìyàn kọjá ní àlọ àti àbọ̀, kó má kí ẹnikẹ́ni! Mo bi í pé bí mo bá gbàgbé ńkọ́.  Ìyá Eléèpo wo ibi tí àbúrò mi sùn sí, ó wò ó pẹ́. Ìyẹn gan-an ló fi ìbẹ̀rù sí mi nínú.

Nígbà tí wọ́n pe ìrun àsùbáà, ó jí mi. Ó gbé ọ̀bẹ kékeré kan, igbá kan àti ààbọ̀ obì lé mi lọ́wọ́. Ó wá já èèpo gbígbẹ bí èékánná lára èyí tó wà nínú apẹ̀rẹ̀, ó fi há ẹ̀yìn eyín mi. "Gé e mú. Bí ẹnu rẹ bá fẹ́ là, òun á rán ọ létí." Mo bá jáde.

Ẹni àkọ́kọ́ tí mo bá pàdé ni ìyá alákàrà tó wà ní ìyànà wa, tí mo máa ń kúnlẹ̀ kí ní gbogbo òwúrọ̀. Ó ti ń dáná. Ó ní, "Ọmọ dáadáa, o jí ire?" Mo kọjá lára rẹ̀. Ó dúró, ó mú ṣíbí ìdínkàrà lọ́wọ́. "Ìwọ ọmọ yìí! Èmi lò ń wò kọjá bẹ́ẹ̀ yẹn? Hẹ̀n-ẹ́n. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ kò sí nílé, ẹ wo bó ṣe ń dà!" Ọ̀rọ̀ náà gún mi dé egungun. Mo ń lọ, mo ń sọ nínú ọkàn mi pé, ẹ jí ire mà, ẹ jí ire mà, ẹ má bínú mà.

Lẹ́sẹ̀ afárá, sójà méjì wà níbẹ̀, wọ́n fi kóòtù nípọnnípọn bo ara nítorí otútù odò. Ọ̀kan kí mi ní èdè Zarma, ó ní, "Mate ni kani?", ìyẹn ni pé báwo ni mo ṣe sùn. Mo wo ilẹ̀. Ó tún un sọ, ó wá mú apá mi, ó wo inú igbá, ó rí ọ̀bẹ.  Èkejì rẹ̀ wò mí, ó mi orí, ó sọ ní èdè Haúsá pé, "Bebiya ce," odi ni. Ni wọ́n bá fi mí sílẹ̀, wọ́n tilẹ̀ káàánú mi. Àánú yẹn ló gbà mí kọjá.

Mo dé ìdí igi. Ẹ̀yin tí ẹ ń rò pé àwa Yorùbá nìkan la mọ̀ ọ́n, ẹ bá rí ara igi yẹn! Àpá lórí àpá ni. Zarma ti ṣí i, Haúsá ti ṣí i, Fúlàní ti ṣí i, oníkálùkù pẹ̀lú ohun tó ń dùn ún nílé. Mo fi obì sí ìdí rẹ̀, mo kí i nínú ọkàn. Mo ṣí ti ìlà oòrùn, mo ṣí ti ìwọ̀ oòrùn. Inú èèpo náà pupa, ó sì tutù bí ẹnu ọmọdé. Mo kó o sínú igbá, mo fi ìborùn mi bò ó, mo kọjú sílé.

Orí afárá ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Oòrùn ti ń yọ, àwọn obìnrin tó ru ẹ̀fọ́ àti sààláàdì lọ sọ́jà ń pàdé mi. Èèpo tó wà lẹ́nu mi ti rọ̀ pátápátá, itọ́ rẹ̀ kún ẹnu mi, mo ń gbé e mì, omi sì ń dà lójú mi pòròpòrò. Kì í ṣe ẹkún o. Ìkorò ni. Ni mo bá gbọ́ tí ẹnì kan ń pe oríkì mi lẹ́yìn.

Kò sí ẹni tó ń fi oríkì pè mí àyàfi bàbá mi.

Mo yí padà. Ọkùnrin kan dúró, ó ru ẹrù tí a fi ẹní wé, eruku kún ojú rẹ̀, ó gbẹ, ó dúdú, láwàní bo àgbọ̀n rẹ̀. N kì bá tí mọ̀ ọ́n. Ohùn yẹn ni mo mọ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù ló já a sílẹ̀ ní ìdájí, tó fi ẹsẹ̀ rìn láti òdìkejì ìlú, ó sì sọ fún wa lẹ́yìn náà pé bí mo ṣe ń rìn lòun fi dá mi mọ̀, pé ìrìn ìyá òun ni.

Mo kúnlẹ̀ sójú afárá. Kíkúnlẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀, mo mọ ìyẹn dájú.

Ó rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ sí mi. Ó wá rí ojú mi. "Kí ló dé? Kí lò ń sunkún fún?"

Mo pa ẹnu mọ́.

"Ìyá rẹ ńkọ́?"

Mo ń wò ó.

"Mo ní ìyá rẹ ńkọ́? Ìwọ ọmọ yìí, ẹnu rẹ dà? Ìyá rẹ dà?"

Ó di èjìká mi mú, ó mì mí. Mo gé èèpo náà mú débi pé ó pín sí méjì lẹ́nu mi, omi ojú mi sì wá pọ̀ sí i. Mo rí i bí ojú rẹ̀ ṣe yí padà. Ó tú ọwọ́ lára mi. Ó sọ ẹrù náà kalẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di irin ẹ̀gbẹ́ afárá mú, ó ní, "Ìnnà lílláhì." Obìnrin Zarma kan tó ru ẹ̀fọ́ dúró ń wò wá. Bàbá mi kò wo ẹnikẹ́ni. Ó ń wo omi. Lẹ́yìn náà ló fi ohùn kékeré kan, tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, bi mí pé, "Ó ti tó oṣù mélòó?"

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti bímọ, mo ti sin ọkọ, n kò tíì rí ohun tó ṣòro fún mi ju àkókò yẹn lọ. Ọ̀rọ̀ kan péré ni, "Ó wà." Ṣùgbọ́n àbúrò mi wà nílé pẹ̀lú ojú tó yí sókè. Mo rò ó pé kí n mi orí. Mímì orí ńkọ́, ṣé ọ̀rọ̀ ni àbí kì í ṣe ọ̀rọ̀? Ìyá Eléèpo kò sọ fún mi. Ó ní n kò gbọdọ̀ dáhùn, bí mo bá sì mi orí, mo ti dáhùn nìyẹn. Bí mo bá ṣe àṣìṣe, ta ni yóò sanwó rẹ̀? N kò mi orí. Mo dìde, mo di etí ẹ̀wù bàbá mi mú, mo sì ń fà á. Ó tẹ̀ lé mi bí afọ́jú. Ẹrù rẹ̀ wà lórí afárá, kò rántí rẹ̀. A kọjá lára àwọn sójà, a kọjá lára ìyá alákàrà, ó rí ẹni tí mo ń fà bọ̀, ṣíbí fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá mi kò kí i. Òun náà ti di odi.

Nígbà tí a wọ agbo ilé, ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sídìí ààrò, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń fẹ́ná. Bàbá mi dúró gbagidi. Ìyá mi gbójú sókè, eérú wà níwájú orí rẹ̀. Ó wò ó, ó tún un wò. Ó ní, "Bàbá wọn. Ẹ káàbọ̀. Kí lẹ dúró sí bíi ẹni tó rí òkú?"

Ni bàbá mi bá jókòó sílẹ̀ nínú erùpẹ̀, àgbàlagbà ọkùnrin, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó ń sọ pé alhamdulillahi, alhamdulillahi.

Èmi kò dúró. Mo sáré wọlé, mo kó èèpo lé Ìyá Eléèpo lọ́wọ́, mo tu èyí tó wà lẹ́nu mi dànù, mo sáré padà sójú agbo, mo kúnlẹ̀ gbì níwájú bàbá mi, mo sì fi gbogbo agbára ké pé, "Ẹ KÚ ÀBỌ̀, BÀBÁ! Ẹ KÚ ÌRÌN! ÌYÁ MI WÀ! ARA WỌN LE!"

Ewúrẹ́ tú ká. Bàbá mi ní, "Ọmọ yìí ló ń fọhùn yìí?" Ìgbà tí wọ́n wá ṣàlàyé fún un, inú bí i. Ó dìde, ó kọjú sí Ìyá Eléèpo. "Ìyá, ẹ fẹ́ pa mí ni? Irú èèwọ̀ wo nìyẹn? Ọmọ mi wò mí lójú, ó jẹ́ kí n ṣọ̀fọ̀ ìyàwó mi láti orí afárá dé ilé!"

Ìyá Eléèpo ń gún èèpo, kò dáwọ́ dúró. Ó ní, "O kú ọ̀fọ̀. Ìrìn afárá kan ni ọmọ rẹ fi dákẹ́, ó dùn ọ́ tó báyìí. Ìwọ tó o dákẹ́ láti ààwẹ̀ dé ààwẹ̀, ta ló ń kí ìyàwó rẹ kú ọ̀fọ̀?"

Ìyá mi wọlé, ó gbé ọmọ jáde, ó gbé e lé bàbá mi lọ́wọ́.   "Ọmọ yín rèé. Ara rẹ̀ gbóná." Ó gbà á bí ẹni gba ẹyin. Ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé iwájú orí rẹ̀. Ó wá béèrè pé kí ni a sọ ọ́.

Wọ́n fi omi èèpo wẹ̀ ẹ́, Ìyá Eléèpo tọ́ ọ sí i lẹ́nu ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ó so ìyókù mọ́ ọn lọ́rùn. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wa sọdá afárá lọ sílé ìwòsàn, bàbá mi gbé e sáyà. Ẹrù wà lọ́wọ́ àwọn sójà. Èyí tó mọ̀ mí sí odi jókòó lé e lórí, ó ń mu tíì. Nígbà tó gbé e fún bàbá mi, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Na gode," ìyẹn ni pé mo dúpẹ́. Tíì dà sí i lẹ́sẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà pa bàbá mi lẹ́rìn-ín, láti ọjọ́ yẹn ló ti ń pè mí ní Bebiya, títí wọ́n fi mú mi lọ sílé ọkọ.

Nílé ìwòsàn, wọ́n yí oògùn ọmọ náà padà, wọ́n ní kí a máa gbé e wá lójoojúmọ́. Ní ọjọ́ kẹta, ó na ọwọ́ sí igbá fúrá tí mo ń mu. Ìyá Eléèpo ní iṣẹ́ ọ̀gánwó ni. Bàbá mi ní abẹ́rẹ́ ni. Ìyá mi ní kí àwọn méjèèjì jẹ́ kí ọmọ mu fúrá. Ìyá Eléèpo wá ní kí bàbá mi fi ègé tí òun rán sínú fìlà rẹ̀ han òun. Ojú tì í. Ó ní ibà mú òun ní Arlit, kò sí oògùn nítòsí, òun tú u, òun sè é mu. "O jẹ oògùn ojú ọ̀nà!" Ìyá Eléèpo rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Abájọ tí o kò fi mọ ọ̀nà ilé."

Ọjọ́ mẹ́wàá péré ni bàbá mi wá lò. Ọjà rẹ̀ wà ní ìkáwọ́ ẹnì kan lọ́hùn-ún, ó sì ti bá awakọ̀ kan ṣe àdéhùn. Nígbà tí ọjọ́ kù ọ̀la, ìyá mi ṣe oúnjẹ ọ̀nà fún un, kílíṣí àti àádùn, ó wé e sínú ewé, ó dì í. Kò bẹ̀ ẹ́ pé kó má lọ. Mo wà níbẹ̀, kò bẹ̀ ẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ̀ akẹ́rù dé títì, ó fọn fèrè. Bàbá mi jókòó sórí ẹní. Ọkọ̀ tún fọn. Bàbá mi fa oúnjẹ ọ̀nà náà sọ́dọ̀, ó tú u, ó já kílíṣí lé àbúrò mi lọ́wọ́, ó ní, "Bebiya, bu omi wá, kí a jẹun." Ọkọ̀ náà fọn lẹ́ẹ̀kẹta, ó sì lọ. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó kọ ojú síta títí a fi jẹun tán. N kò rí ojú rẹ̀.

Bàbá mi padà sídìí abọ́ tánńganran. A kò là. Àwọn tó dúró ní Arlit padà wá kọ́ ilé búlọ́ọ̀kù, àwa ń bẹ nínú ilé alámọ̀ tí a ń rẹ́ lẹ́yìn òjò. Ìyá mi a máa ráhùn nígbà mìíràn, n kò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n bí ó bá ráhùn, ẹni tó ń ráhùn sí wà níbẹ̀, ó ń gbọ́.

Ayé ti yí. Ìyá Eléèpo ti lọ, afárá ti di méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn ọ̀gánwó ẹ̀bá títì ń dínkù, àwọn tó kù, wọ́n ti bó wọn yíká. Inú ọ̀rá ni wọ́n ń ta èèpo rẹ̀ báyìí, ó ti di ìyẹ̀fun, kò sí ẹni tó mọ ìhà tí wọ́n ti ṣí i. Àbúrò mi ti di bàbá àgbà, ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Talladjé, bí ibà bá mú ọmọ ilé rẹ̀, ilé ìwòsàn ni wọ́n kọ́kọ́ ń sáré lọ, bó sì ṣe yẹ nìyẹn. Bí ẹ bá bi mí bóyá èèpo ló wò ó sàn lọ́jọ́ náà, n kò mọ̀. Obìnrin tí kò kàwé ni mí, ohun tí mo rí ni mò ń sọ.

Ọmọ mi ọkùnrin wà ní Arlit báyìí, òun náà. Ó ní fóònù, èmi náà ní. Nígbà mìíràn yóò pè lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, nígbà mìíràn ọjọ́ mẹ́ta yóò kọjá, n kò ní gbọ́ nǹkan kan, n óò pè é, fóònù yóò kàn dákẹ́ sí mi létí. Nígbà náà ni mo máa ń mọ ohun tí bàbá mi ń wò nínú omi. Mo máa ń jáde lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ ilé pé afẹ́fẹ́ ni mò ń gbà.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ rìn jìnnà, ẹ máa lọ. Ẹsẹ̀ ọmọ ènìyàn kò ṣeé so. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà nílé kò mọ̀ bóyá iṣẹ́ ló pọ̀ fún yín tàbí ilẹ̀ ti gbé yín mì. Ẹ má jẹ́ kí ó tó ọjọ́ mẹ́ta.